Òǹtẹ̀ tí wọ́n ní kí n rà: ta ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Ìbéèrè láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Oyin àti epo pupa ni mò ń tà, lórí WhatsApp àti lórí ojú òpó kékeré kan tí ọ̀rẹ́ mi bá mi ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí láti Èkó. Ó ní iléeṣẹ́ àwọn máa ń fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé wọ́n ṣeé fọkàn tán. Kì í ṣe dandan, ẹni tó bá wù ló ń gbà á. N40,000 lọ́dún. Wọ́n á fún mi ní àwòrán tí mo máa lẹ̀ mọ́ iwájú ojú òpó mi. Ọ̀rọ̀ náà wù mí, torí àwọn ará Àbújá àti Port Harcourt kì í fẹ́ sanwó ṣáájú, wọ́n á ní wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì rí. Ìyàwó mi ní kí n má dán an wò, pé owó yẹn tó kẹ́ẹ̀gì epo kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ọmọ Yàhúù ni ọkùnrin náà, àwọn mìíràn ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá náà ń lo irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n san án àbí kí n má san án?

* * *

Àbúrò mi, má tíì san án. Mi ò sọ pé ọmọ Yàhúù ni. Ó lè jẹ́ pé iléeṣẹ́ gidi ni, tó ní ọ́fíìsì, tó forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀.

Pe ọkùnrin náà padà, kí o bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: láti ọjọ́ tí ẹ ti ń fún àwọn èèyàn ní òǹtẹ̀ yìí, ta ni ẹ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kí ni ẹni náà sì ṣe? Bí ó bá lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn mẹ́ta ṣẹ̀ fún ọ, tó sì fi ibi tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí hàn ọ́, jókòó bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní àwọn ò tíì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé gbogbo èèyàn àwọn ló dáa, má fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Kò sí ọjà tó kún fún èrò tí ẹnì kan ò ní ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára torí mo ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Èlùbọ́ àti epo ni mò ń tà ní Adó, ọdún kẹta tí mo bọ́ sórí ayélujára ni mo san N35,000. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi kò ju ojú ewé kan lọ: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ojú òpó, àti ìbéèrè pé ṣé mo máa ń dá owó padà bí ọjà bá bàjẹ́. Mo fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Wákàtí méjì lẹ́yìn tí owó wọlé sọ́dọ̀ wọn, òǹtẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó wá wo ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sẹ́ni tó ra kọ́ńgò èlùbọ́ kan lọ́wọ́ mi láti mọ̀ bóyá ó kún. Kò sẹ́ni tó pe oníbàárà mi kankan. Nígbà tí ọdún yí po, mi ò sanwó mọ́, síbẹ̀ òǹtẹ̀ náà wà lójú òpó mi fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, títí èmi fúnra mi fi yọ ọ́.

Ohun tó mú kí n yọ ọ́ rèé. Obìnrin kan pè mí láti Ìbàdàn, inú ń bí i gan-an. Ó ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí, kòkòrò ti jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Ó pe nọ́ńbà tó wà lára òǹtẹ̀ ẹni yẹn, wọn ò gbé e. Ló bá ń wá òǹtẹ̀ kan náà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí i lójú òpó tèmi, ó rò pé ilé kan náà ni wá. Ó ní, “Òǹtẹ̀ yín ni mo wò tí mo fi sanwó.” Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òótọ́ ló sọ: èmi náà fi owó mi gbé òǹtẹ̀ yẹn ró kí ẹlòmíràn lè fi jẹ ẹ́ níyà.

* * *

Ọ̀pọ̀ ló ti dá sí i látàárọ̀. Èrò tó pọ̀ jù ni pé gbogbo òǹtẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, jìbìtì ni. Mo mọ ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìtàn tí mo sọ yìí, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1997, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rajà lórí kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ méjì kan, EFF àti CommerceNet, dá òǹtẹ̀ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ TRUSTe. Iléeṣẹ́ tó bá wù ló ń gbà á. Ohun tí òǹtẹ̀ náà ń sọ fún oníbàárà ni pé ẹni yìí ti kọ ohun tó ń fi orúkọ àti nọ́ńbà yín ṣe sílẹ̀, àwa náà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èrò rere ni. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníṣòwò tún ìwà ara wọn ṣe láìdúró de òfin. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ó ti wọ́: ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò náà ló ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ọdún tó ń bọ̀ bá a lọ.

Ní 2006, Benjamin Edelman, olùwádìí kan tó wà ní yunifásítì Harvard nígbà náà, kó àwọn ojú òpó tó ní òǹtẹ̀ yẹn jọ, ó fi wọ́n wé àwọn tí kò ní. Ó rí i pé àwọn tí kò ṣeé fọkàn tán pọ̀ láàárín àwọn tó ní òǹtẹ̀ ju ìlọ́po méjì bí wọ́n ṣe pọ̀ láàárín àwọn tí kò ní. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àmọ́ ẹni tó bá ti náajà á mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ọjà ti mọ̀ sí olóòótọ́, kí ló fẹ́ fi òǹtẹ̀ ṣe? Ẹni tí wọ́n ń fura sí ló ń sáré wá a. Bí ẹnu ọ̀nà bá sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, òun ló máa kọ́kọ́ wọlé. Òǹtẹ̀ kejì tí Edelman wò, BBBOnline, kò rí bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń fún un nígbà náà máa ń fara balẹ̀ yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ní 2014, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, fẹ̀sùn kan TRUSTe pé láàárín 2006 sí 2013, ó ju ìgbà 1,000 lọ tí wọn ò ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n sọ fún aráyé pé àwọn ń ṣe. Wọ́n san $200,000. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2010, àjọ yìí kan náà ti mú iléeṣẹ́ mìíràn tó ń fúnni ní òǹtẹ̀, ControlScan. Òǹtẹ̀ tiwọn ní déètì tó ń yí padà lójoojúmọ́, bí ẹni pé àárọ̀ yìí gan-an ni wọ́n yẹ ojú òpó náà wò, bẹ́ẹ̀ wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Òǹtẹ̀ tèmi tó lo oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí owó ti tán, ọmọ ìyá wọn ni.

Síbẹ̀, ẹ wo Jámánì. Trusted Shops bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Cologne ní 1999. Oníbàárà tó bá rajà níbi tí òǹtẹ̀ wọn wà, tó sì forúkọ sílẹ̀ fún ààbò wọn, bí ọjà kò bá dé, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà fún un. Ẹni tó fún èèyàn ní òǹtẹ̀ ló fi àpò ara rẹ̀ dúró fún un. Ẹni tó mọ̀ pé àpò òun ni owó ti máa jáde kò ní fi wákàtí méjì yẹ èèyàn wò. Nítorí náà, òǹtẹ̀ kì í ṣe jìbìtì. Òǹtẹ̀ tí kò lè ná ẹni tó ń pín in ní kọ́bọ̀ kan ni jìbìtì.

* * *

Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé Èkìtì ò mọ òǹtẹ̀. Rárá o. Àwa tí bàbá wa dáko kòkó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìsẹ̀-Èkìtì ni wọ́n ti tọ́ mi. Nígbà tí kòkó bá gbẹ tán, bàbá mi á kó o lọ sí sítóò, gíréèdà ìjọba á wá. Mo máa ń tẹ̀lé bàbá mi lọ, ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Gíréèdà á fi irin oníhò gún àpò káàkiri, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, torí ó mọ̀ pé àwọn kan máa ń da èyí tó dára bo èyí tí kò dára. Á ka ẹyọ kòkó sílẹ̀, á máa fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò ni pé kí wọ́n la ẹyọ 300. Nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bu kò gbọ́dọ̀ ju 3 lọ kó tó lè jẹ́ gíréèdì kìíní. Èyí tí wọn ò bò pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí inú rẹ̀ ṣì rí bíi síléètì, òun náà kò gbọ́dọ̀ ju 3 lọ. Bí ó bá yege, wọ́n á rán ẹnu àpò, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ lé e, wọ́n á fi sílì dè é. Bí kò bá yege, á ní kí ẹ kó o padà lọ sá sóòrùn tàbí kí ẹ ṣà á. Bàbá mi kó kòkó padà sílé lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Ìtìjú gidi ni, gbogbo sítóò á máa wò yín. Láti ọjọ́ kejì yẹn, kò sẹ́ni tó tún kánjú palẹ̀ kòkó mọ́ nílé wa.

Ẹnì kan ti dáhùn pé àwọn gíréèdà náà ń gba ẹ̀gúnjẹ, pé ẹ̀gbọ́n òun ń fi epo àti adìẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ kí kòkó tó bu lè kọjá. Mi ò ní jiyàn, mo mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kò parí sí ìgbèríko. Wọ́n tún máa ń yẹ kòkó wò ní èbúté kó tó wọkọ̀, àmì tó wà lára àpò á sì sọ ibi tí wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ẹni tó tẹ òǹtẹ̀ lé kòkó tí kò dára mọ̀ pé ojú kejì ṣì ń bọ̀. Ojú kejì yẹn ni òǹtẹ̀ tí wọ́n ń tà fún wa lórí fóònù kò ní.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ti kòkó jẹ́ dandan, ti íntánẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ìfẹ́ inú, pé wọn ò jọra. Ìfẹ́ inú ni kí èèyàn wọlé. Tó bá ti wọlé, kí àyẹ̀wò di dandan fún un.

* * *

Sí ẹni tó ní àwòrán àgádágodo wà lókè ojú òpó òun, pé ìyẹn tó: kò tó. Ohun tí àgádágodo yẹn ń sọ kò ju pé ẹnikẹ́ni kò lè yọjú wo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín fóònù oníbàárà àti ojú òpó rẹ lójú ọ̀nà. Kò sọ ohunkóhun nípa ìwà ẹni tó ni ojú òpó. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí tó ń mú un jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015, onígbàjúẹ̀ náà sì ń gbà á. Google fi ìwádìí kan wò ó ní 2021, ìdá 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi léèrè ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Nígbà tó di 2023, wọ́n yọ àwòrán àgádágodo náà kúrò nínú Chrome, ohun èlò tí ọ̀pọ̀ fi ń wo ojú òpó, wọ́n fi àmì mìíràn dípò rẹ̀. Bí àwọn tó ṣe é bá lè yọ ọ́ nítorí pé ó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, kí àwa náà yé fi yangàn.

* * *

“Kí ìjọba ṣe é.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń dúró dè, èèyàn márùn-ún ló sì ti sọ ọ́.

Ìjọba ní èyí tó ń ṣe. NAFDAC wà láti 1993, oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ike tàbí nínú lailọ́ọ̀nù tó ń lọ sí ọjà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà wọn. Àbúrò mi, bí oyin rẹ bá ń wọ ìgò tó ní lébẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ló yẹ kó o kọ́kọ́ fi N40,000 yẹn bẹ̀rẹ̀. Mo tún fẹ́ràn èyí tí NAFDAC ṣe sí oògùn láti nǹkan bí 2010: o máa fá ibì kan lára páálí, o máa fi nọ́ńbà tó jáde ránṣẹ́ lórí fóònù, ìdáhùn á padà wá pé ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Òǹtẹ̀ tó ń dá èèyàn lóhùn nìyẹn. Àwòrán lásán kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ọmọ kékeré tó ní fóònù lè dà á kọ.

Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù náà, tí wọ́n ń fi orúkọ èèyàn ránṣẹ́ sí gbogbo àna àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni, FCCPC, àjọ ìjọba wa tó ń dáàbò bo oníbàárà, dìde sí wọn ní 2022, wọ́n ní kí wọ́n wá gba àṣẹ. Wọ́n gbé orúkọ àwọn tó gba àṣẹ sí ojú òpó FCCPC fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ wò, kì í ṣe ohun tí ayánilówó náà lẹ̀ mọ́ iwájú ara rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé nọ́ńbà CAC, ti ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, sí ojú òpó bí ẹni pé ẹ̀rí ìwà ni. CAC kò mọ̀ bóyá o máa ń gbé fóònù. NAFDAC kò mọ̀ bóyá o máa ń fi ọjà ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó o dá. Òfin dáàbò bo oyin fúnra rẹ̀. Ta ló máa dáàbò bo àdéhùn? Ibẹ̀ ni mo rò pé òǹtẹ̀ àtinúwá ti ní iṣẹ́ láti ṣe.

* * *

Ọ̀rọ̀ wébíìlì tó wọ àárín, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí òun lóríṣun ìjà tó pọ̀ jù.

Ẹnì kan láti Ọ̀yẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì epo ránṣẹ́ sí Kàdúná láti gáréèjì. Ó dé ibẹ̀ ní ìdajì, ọkọ̀ kún fún epo, dírẹ́bà tún fẹ́ kí oníbàárà san owó tí wọ́n máa fi fọ àga. Ẹni tó tà á ní ọwọ́ òun mọ́ nígbà tí dírẹ́bà ti gbà á. Àwọn tó pọ̀ níbí gbè é lẹ́yìn. Èmi ò gbè é. Oníbàárà kò yan dírẹ́bà yẹn, kò rí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, kò mọ̀ bóyá wọ́n fi lailọ́ọ̀nù dì í lábẹ́ ìdérí. Ìwọ lo mọ gbogbo rẹ̀. Títí ọjà á fi dé ọwọ́ ẹni tó sanwó, tìrẹ ni. Bí o bá fẹ́ bá dírẹ́bà jà, bá a jà lẹ́yìn tó o ti dá owó oníbàárà padà.

Èmi kì í kúrò ní gáréèjì láìya fọ́tò: kẹ́ẹ̀gì, ìdérí tí mo fi lailọ́ọ̀nù dì, nọ́ńbà ọkọ̀, ojú dírẹ́bà bó bá gbà. Mo máa ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, èdè àìyedè ti dínkù gan-an, torí dírẹ́bà náà mọ̀ pé a ti rí òun. Àwọn nǹkan báyìí ló yẹ kó wà nínú ìlànà tí òǹtẹ̀ dúró lé. Ìlànà tó ní “a ó ṣe dáadáa sí oníbàárà” kò sọ nǹkan kan. Kó sọ iye wákàtí, kó sọ iye owó, kó sọ fọ́tò tí wọ́n gbọ́dọ̀ yà.

* * *

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníbàárà tó ti rà á tẹ́lẹ̀ tó, pé kí la fẹ́ fi òǹtẹ̀ ṣe. Mo gbà fún wọn dé ààyè kan. Èmi náà máa ń kà á kí n tó ra nǹkan. Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń ta ìyìn. Èèyàn á fi nọ́ńbà mẹ́ta tó ní kí ara rẹ̀ lórí WhatsApp, á ya àwòrán ojú fóònù, á gbé e síta. Ohun tó burú jù ni pé ẹni tí wọ́n jẹ ní N6,000 kì í padà wá kọ nǹkan, á kàn gbà pé owó ti bọ́ sínú omi. Òǹtẹ̀ tó bá ní ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló lè gbọ́ ti irú ẹni bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè láti Ìkẹ́rẹ́ tún kọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n, mo pè wọ́n. Mo béèrè ohun tí ẹ ní kí n béèrè. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní àwọn ò tíì ní ìdí láti gbà á lọ́wọ́ ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà ló ní òun lè bá mi sọ ọ́ di N25,000 bí mo bá san án lónìí.

Àbúrò mi, o ti gba ìdáhùn rẹ. Ohun tí wọ́n bá lè fi wákàtí kan gé N15,000 kúrò nínú rẹ̀, kò sí iṣẹ́ kankan nínú N40,000 yẹn. Fi owó náà ra epo.

* * *

Ẹ ti ń bi mí láti àná pé bí mo bá ní ti Èkó kò dára, kí la fẹ́ ṣe. Ó tọ́ kí ẹ béèrè. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwa tí a ń tajà láti Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò àti Ìlawẹ̀ kò mọ ara wa, oníbàárà Àbújá kan náà ni gbogbo wa sì ń bẹ̀ pé kó gbà wá gbọ́.

Èèyàn mẹ́rìnlá nínú wa ti ń jíròrò rẹ̀. Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí olúkúlùkù fi N20,000 sílẹ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Kì í ṣe owó ìforúkọsílẹ̀, owó tìrẹ ni, wàá gbà á padà lọ́jọ́ tó o bá kúrò. Àmọ́ bí o bá jẹ oníbàárà ní gbèsè tó o kọ̀ láti san án, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa san án, wọ́n á yọ orúkọ rẹ, wọ́n á sì kọ ìdí rẹ̀ sí ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Òǹtẹ̀ wa kò ní jẹ́ àwòrán. Á jẹ́ nọ́ńbà tí oníbàárà máa fi ránṣẹ́ sí laini kan, tí ìdáhùn á padà wá: orúkọ ẹni náà, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn.

Àwọn kan ní N20,000 ti pọ̀ jù fún ìyá tó ń ta gàárì kọ́ńgò mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Wọ́n tọ̀nà, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún, torí àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni òǹtẹ̀ yẹ kó gbé ga. Mo fara mọ́ àbá ẹnì kan pé kí wọ́n máa dá a díẹ̀díẹ̀, N1,000 lọ́sẹ̀, kí òǹtẹ̀ wọn máa ṣiṣẹ́ lórí ọjà tí kò ju iye tí wọ́n ti dá lọ.

Ta ló máa yẹ̀ wá wò? Kì í ṣe àwa fúnra wa. Nàìjíríà ní òfin Trade Marks Act láti 1965, ó sì gba irú àmì kan tí ẹni kan máa fi jẹ́rìí sí ọjà ẹlòmíràn. Òfin náà ní ẹni tó bá ń ta irú ọjà yẹn kò lè jẹ́ ẹni tó ni àmì, ẹni tó ni àmì sì gbọ́dọ̀ kọ ìlànà tó máa fi ń fún èèyàn sílẹ̀. Ọgbọ́n gidi wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Ìgbẹmọ yẹ kó ronú sí i lórí ìrẹsì wọn, torí mo ti rí ìrẹsì tí kò dé Ìgbẹmọ rí tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú náà tà. Ní tiwa, àbá mi ni àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ìlú ní Èkìtì tí wọn kò sí, wọ́n mọ ìwé, wọ́n mọ ọmọ ẹni tí olúkúlùkù wa jẹ́, wọn kì í sì í ta èlùbọ́. Kí wọ́n máa fi orúkọ ẹlòmíràn rajà lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láìsọ fún wa, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. A máa san owó ọkọ̀ wọn àti owó ọjà náà.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta iyán gbígbẹ: bí oníbàárà bá purọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ ẹ́ tán tó ní kò dé ọ̀dọ̀ òun?

Á ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò gáréèjì kò fi lè jẹ́ ohun tó bá wù wá. Oníbàárà náà gbọ́dọ̀ ya ọjà láàárín wákàtí 24 tó gbà á kó tó lè pe ẹjọ́. Bí owó náà kò bá tó N5,000, èrò mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá a padà kí wọ́n tó wádìí, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà oníbàárà yẹn sílẹ̀. Bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn nínú wa, a ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ju N5,000 lọ, kí olùyẹ̀wò gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó. Èèyàn mẹ́fà ló fara mọ́ èyí, mẹ́jọ ní kí wọ́n gbọ́ gbogbo ẹjọ́ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kankan. A máa dìbò sí i lọ́jọ́ Sátidé.

Owó tèmi ti wà nílẹ̀. Olùkọ́ mẹ́ta ti gbà láti ṣe é, ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Ìjerò. A ò tíì ní ẹnì kankan lápá Ìkọ̀lé àti Ọmùò. Ẹni tó bá mọ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e dé gáréèjì, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi kó tó di Sátidé.